Ọjọ́ Tí Mo Gbé Fọ́tò Gbóyèga Lọ sí Ìfọ̀

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ni mo jáde nílé wa ní Mòwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, Tọ́pẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti Ìyanu tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣì ń sùn nínú yàrá kejì. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ kí Màmá Ìfọ̀, ìyá bàbá wọn, àti pé aládùúgbò wa yóò máa yọjú sí wọn. Inú Ìyanu dùn. Tọ́pẹ́ kàn wò mí, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà. Lóòótọ́ ni mò ń lọ kí Màmá, ṣùgbọ́n ìkíni nìkan kọ́ ló gbé mi dìde. Mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá ọkọ mi tó ti kú pé mo fẹ́ fẹ́ ọkọ mìíràn.

Mo di ìrẹsì Ọ̀fadà kóńgò méjì sínú báàgì, nítorí Màmá fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ní Mòwé ni ojúlówó rẹ̀ sì ti ń wá. Mo fi ike òróró kan sí i, àti bàtà rírọ̀ kan tí mo rò pé yóò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Nínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì ni mo tọ́jú àpòòwé kan sí. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló wà nínú rẹ̀. Fọ́tò Gbóyèga ni, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Wálé, ọkọ mi, ló kọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní ọ̀nà Ọ̀fadà, nítòsí ilé ìwé kan. Nígbà tó kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, àwọn èèyàn rò pé n óò ta kámẹ́rà rẹ̀ kí n sì wá nǹkan mìíràn ṣe. N kò tà á. Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ títí di òní. Àwọn tó ń ya ìkómọ àti ọjọ́ ìbí máa ń wá, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù ló pọ̀ jù. Mo sì ti kíyè sí ohun kan lórí pásípọ́ọ̀tù: kò sẹ́ni tó ń torí ẹwà yà á. Ẹni tó bá jókòó síwájú aṣọ funfun tí mo ta sára ògiri yẹn, ibì kan ló ń lọ. Ọmọ kan ń wọ ilé ìwé gíga. Bàbá kan fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Obìnrin kan ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Wọn a tún kọ́là ṣe, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Bí Gbóyèga ṣe wọlé náà nìyẹn. Ọmọ Ìkìrun ni, ó háyà yàrá kan sí Ìbàfò, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Ó fẹ́ ya fọ́tò mẹ́rin fún fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wọn. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo yà á kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá láti tún fáànù ṣọ́ọ̀bù mi ṣe, bẹ́ẹ̀ n kò pè é. Ìyàwó tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì bímọ fún un. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan la ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, ṣé àwọn ẹbí ọkọ mi àkọ́kọ́ ti gbọ́. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún wọn kí n tó padà wá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n Wálé obìnrin sọ fún mi lórí fóònù nígbà kan. Ó ní ọmọ kì í bá ìyá lọ sílé ọkọ tuntun. Ilé bàbá ni ọmọ ń gbé. Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lọ sí Ìfọ̀ mọ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní ìdí afárá Mòwé, ẹgbẹ̀rún kan náírà dé Ojódù. Nígbà tí a fi máa dé Ìbàfò, ojú ọ̀run ti ń là. Èrò ti tò sí etí títì: àwọn akọ̀wé tó wọ ṣúùtì tí wọ́n sì wọ sílípáàsì, tí wọ́n gbé bàtà gidi sínú ọ̀rá; àwọn ọmọ ilé ìwé tí oorun ṣì wà lójú wọn; obìnrin kan tó ń pa irun rẹ̀ mọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì. Èkó ni gbogbo wọn kọjú sí. Ní ọ̀dọ̀ wa, iwájú túmọ̀ sí Èkó láàárọ̀, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, iwájú á di ilé.

Mo yọ fóònù mi, mo yà wọ́n láti ojú fèrèsé. Ìdí tí mo fi yà wọ́n ni pé a ní ẹgbẹ́ kan lórí Wàsáàpù, àwa obìnrin ayafọ́tò tó wà ní Mòwé àti Ìbàfò. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń mú ọ̀rọ̀ kan, kí olúkúlùkù sì fi fọ́tò kan dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni "ìtẹ̀síwájú". Ẹnì kan ti fi ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ránṣẹ́, ẹlòmíràn fi kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè ránṣẹ́. Èmi kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mo wo fọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó dára, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúró sójú kan ni, wọ́n ń retí ọkọ̀.

Ní Ojódù mo bọ́ sínú kọrópe tó ń lọ sí Àgbàdo gba ọ̀nà Akútè. Kọrópe ni bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé èrò méje, ẹni tó bá ga yóò ká orúnkún dé àgbọ̀n. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni wọ́n gbà. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni mo jókòó sí. Ó rí mi tí mò ń fi fóònù ya ojú ọ̀nà, ó sì bi mí pé kí ni mò ń yà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkọ̀ mi yìí ni kẹ́ ẹ yà, Àǹtí. Rífáàsì ẹ̀ ti kú látoṣù tó kọjá. Iwájú nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibì kan tí ọ̀nà ti há lẹ́yìn Àjùwọ̀n, tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ akóyanrìn kan kọjú sí wa. Kò ní lè padà sẹ́yìn. Àwa náà kò sì lè padà. Awakọ̀ wa sọ̀kalẹ̀, ó fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wá. Gbogbo wa ló bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin, èmi àti ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n, a sì ti ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn títí tó fi dé ibi tó fẹ̀. Mo jáwọ́ díẹ̀, mo ya àwọn tó ń tì í. Lẹ́yìn tí akóyanrìn kọjá, a tún wọlé, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Awakọ̀ dúpẹ́ títí a fi dé Àgbàdo.

Ní Àgbàdo, ojú irin ló la ọjà já. A dé ìdí rẹ̀ ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ kọjá, wọ́n sì dá gbogbo èèyàn dúró. Àwọn kan wà lọ́hùn-ún, àwa wà níhìn-ín, a ń wo ara wa. Ìdúró yẹn pẹ́ ju bí mo ṣe rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí n óò kọ́kọ́ sọ fún Màmá, bóyá ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ọkọ̀ náà kọjá. Mo yà á, ìlà búlúù kan ṣoṣo ló jáde nínú fọ́tò náà. Kí n tó gbójú sókè, àwọn èèyàn ti ń sáré pàdé ara wọn lórí irin.

Láti Àgbàdo mo wọkọ̀ dé Sàǹgó Ọ̀tà, níbẹ̀ ni ebi ti pa mí. Mo ra ẹ̀kọ tútù méjì àti mọ́ínmọ́ín méjì, ẹgbẹ̀rin náírà. Ewé ni wọ́n ṣì fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín níbẹ̀. Ní Mòwé, ike àti ọ̀rá ló kù. Mo jẹ ẹ́ níbi tí mo dúró sí, mo sì wọkọ̀ Ìfọ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ní àwọn kòtò tó mọ ọkọ̀ lórúkọ. Awakọ̀ a yà sí òdìkejì títì, a tún yà padà, bí ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú ejò. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan ni mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìfọ̀.

Ìkíni ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti kúrò ní Mòwé. Àwa tí a wà ní Mòwé, àlejò ni púpọ̀ nínú wa. A ra ilẹ̀, a mọ ògiri yí i ká, a ń juwọ́ sí ara wa láti inú géètì. Ní Ìfọ̀, àwọn onílé ò ní jẹ́ kí o kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà títì dé ilé Màmá kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo lo ìṣẹ́jú ogún. Mo kúnlẹ̀ fún baba arúgbó kan níwájú ilé rẹ̀, mo kí àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, mo dáhùn ìbéèrè nípa àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn yí sí èkejì, ó ní, "Ìyàwó Wálé kọ́ rèé?" Ọdún kẹfà rèé tí Wálé ti wà nínú ilẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni mo ṣì jẹ́ ní àdúgbò yìí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí.

Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jọ èlùbọ́ làfún nínú ajọ̀. Èlùbọ́ náà ti kun irun ojú rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó jọ èlùbọ́ náà tán kó tó dá mi lóhùn.

"O dé," ló sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọdún kan àti oṣù márùn-ún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́, ọ̀nà, owó ọkọ̀. Ó jẹ́ kí n ṣàlàyé tán. Ó ní kí n wọlé, kí n gbé omi mu. Nínú pálọ̀, fọ́tò Wálé ṣì wà níbi tó wà, èyí tí èmi fúnra mi yà nígbà tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Orí rẹ̀ gé díẹ̀ lókè nítorí n kò tíì mọ̀ ọ́n yà. Màmá béèrè kámẹ́rà rẹ̀. Mo ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́." Ó gba ìrẹsì náà, ó gba òróró, ó wọ bàtà náà wò, ó ní ó fẹ̀ díẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ ní ìdí ojú irin ti sá lọ. Mo kàn sọ pé, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ó ní, "Án ti sọ fún mi."

Bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Án" ni "wọ́n" lẹ́nu Ẹ̀gbá. Ó lè jẹ́ ẹnì kan, ó lè jẹ́ gbogbo ìlú. Mo béèrè ẹni tó sọ fún un. Kò dárúkọ. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló yẹ kí òun ti gbọ́. Ó ní òun ti ń retí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun kò bínú pé mo fẹ́ lọ́kọ, nítorí òun kò retí kí obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí mi máa bá fọ́tò sùn. Ohun tó dun òun ni pé mo sá fún òun bí ẹni pé òun ni ikú tó pa Wálé.

Mo sunkún. Kò bẹ̀ mí pé kí n má sunkún. Nígbà tí mo nu ojú tán, ó bi mí pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bá ẹ lọ?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọdún kan àti oṣù márùn-ún nìyẹn. Mo sọ òtítọ́ tó wà nínú mi fún un. Mo ní, "Màmá, tó bá jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ, n kò ní fẹ́ ẹ mọ́."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó ń ṣí àpótí. Mo rò pé ìwé ẹbí kan ló fẹ́ gbé jáde, tàbí fóònù láti pe ẹ̀gbọ́n Wálé. Ohun tó mú bọ̀ ni fọ́tò kan tó fi ọ̀rá wé, fọ́tò dúdú-òun-funfun tí etí rẹ̀ ti ká. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró nínú rẹ̀, ìró rẹ̀ dé orúnkún. Ojú Màmá ni mo rí níbẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ kékeré kan mú. Aṣọ ọmọ náà hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan hàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pòórá, ó dà bí èéfín.

"Àdùkẹ́ nìyẹn," ló wí. "Ọmọ mi àkọ́kọ́."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti di ará ilé yẹn, n kò gbọ́ orúkọ náà rí. Màmá jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìyàwó bàbá Wálé, ó ti lọ́kọ rí ní abúlé kan lẹ́bàá Owódé Ẹ̀gbá. Ọkùnrin náà kú nígbà tí Màmá ṣì kéré sí ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà. Ó kọ̀. Wọ́n ní kò burú, ó lè máa lọ, ṣùgbọ́n kí ó fi ọmọ sílẹ̀. Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ayafọ́tò kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àwọn abúlé wọn. Màmá dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ kúrò, kó lè rí ojú ọmọ rẹ̀ mú dání. Ayafọ́tò ní kí ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́. Kò dúró. Ó fẹ́ sáré lọ wo ohun tó wà nínú àpótí ọkùnrin náà, orí ìyẹn ni kámẹ́rà sì ká a mọ́.

Mo béèrè bóyá ó tún rí i. Ó ní òun rí i ní ọjà Owódé nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ogún ọdún. Màmá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ó jọ bàbá rẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀," ni Màmá sọ, "ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà.' Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọn ò mọ̀."

Àdùkẹ́ wà láàyè, lẹ́yìn ìgbà náà ló tó mọ̀ pé Màmá ni ìyá òun. Ìbàdàn ló ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Ó máa ń wá lọ́dún lọ́dún, ó máa ń mú ẹ̀bùn wá, ó sì máa ń jókòó sí etí àga bí àlejò títí tó fi máa lọ. Wálé mọ̀. Màmá ló ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò náà ṣe kí ojú ọmọ lè hàn, kò ṣeé ṣe. Ohun tí kámẹ́rà kò bá rí, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi fà á jáde.

Màmá wé fọ́tò náà padà. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ nínú ilé yìí tójú mi bá ṣì là. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n Wálé. Ṣùgbọ́n ìwọ náà má mú wọn lọ kí wọ́n wá máa kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ará ọjà."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ọkùnrin náà han òun. Mo mú àpòòwé jáde. Ó gba pásípọ́ọ̀tù náà, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó nà án jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra. Ó wò ó pẹ́. Mo ń sọ fún un pé oníwà tútù ni, pé kì í mutí, pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Nígbà tó yá ó dá a padà fún mi.

"Fọ́tò yìí ò fẹsẹ̀ hàn," ló sọ. "Ojú ò sọ nǹkan kan fún mi. Jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Sátidé, kóun àtàwọn ọmọ jọ rìn látojú títì wá bá mi níhìn-ín. Mo fẹ́ rí bó ṣe ń bá wọn rìn, bóyá ó máa ń dúró dè wọ́n."

Ó ní kí n wá jẹun. Làfún àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, ẹja gbígbẹ ló fi sè é. Bí a ṣe ń jẹun, ọ̀rọ̀ ayé la ń sọ: owó gáàrì, orúnkún rẹ̀, ọmọ aládùúgbò tó ríṣẹ́ ìjọba. N kò jẹ oúnjẹ tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Aago méjì ni mo dìde. Àṣà wọn ni láti sin àlejò. Ní ọ̀dọ̀ wa a máa ń dé géètì, a ó sì ní ó dàbọ̀. Màmá fi agbòòrùn rẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó wọ bàtà tuntun náà bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì ṣáájú mi. Mo ní kó padà, ó kọ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá yẹ òkúta wò. Mo ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbọ́ ìró fóònù náà, ó ní ṣé mo ti yà á tán, kí n máa bọ̀ kí ọkọ̀ tó wọ́n. Ní ojú títì ó gbàdúrà fún mi, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti yí padà, ó ń lọ sílé.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti wo gbogbo fọ́tò tí mo yà. Ti Màmá, mo fi pa mọ́. Fọ́tò àwa èrò kọrópe tó ń ti ọkọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dáhùn pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń tì í sí, kì í ṣe iwájú. N kò bá a jiyàn.

Gbóyèga ń dúró dè mí ní Mòwé nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, aago mẹ́fà ti ń lọ lù. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, a sì kúrò láàárín èrò. Mo sọ ohun gbogbo fún un, àfi ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́, torí kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, pé yóò ní kí a lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ní ọ̀la. Ó ń fi bàtà yí òkúta kan ká.

Ó ní, "A ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ni Tọ́pẹ́ sọ?"

Mo ní n kò tíì bá wọn sọ ọ́. Ó wò mí. Ó ti rò pé mo ti sọ fún wọn tipẹ́. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí bùọ̀dá tó ń tún fíríìjì ṣe, tó máa ń ra búrẹ́dì wá. Ó ní òun kò ní bá wọn rìn lọ sí ibì kankan tí wọn kò bá mọ ìdí tí àwọn fi ń lọ. Ó gbé báàgì mi dé ẹnu géètì, kò wọlé.

Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo pe àwọn ọmọ jókòó. Kí n tó la ẹnu, Tọ́pẹ́ ní, "Màámi, èmi ni mo sọ fún Màmá Ìfọ̀." Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì fi fóònù mi pe ìyá bàbá rẹ̀ nígbà tí mo ń wẹ̀. Mo bi í ìdí tí kò fi wá bá mi. Ó ní èmi náà kò wá bá òun. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun béèrè lọ́wọ́ Màmá: bóyá àwọn á ṣì máa wá lo ọlidé ní Ìfọ̀.

Mo ti wọ ọkọ̀ mẹ́rin lọ, mo wọ mẹ́rin bọ̀, láti lọ gba àṣẹ. Mo ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ń sùn nínú yàrá kejì nígbà tí mo jáde, mo sì rọra ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà jí. Mo ti ka ìtẹ̀síwájú sí ohun tí èèyàn ń dá ṣe, kí àwọn yòókù ṣáà ti yà fún un lọ́nà.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ọ̀rọ̀ Gbóyèga àti ìrìn àjò ọjọ́ Sátidé fún wọn, lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyanu fẹ́ mọ ibi tí òun yóò máa sùn, àti bóyá òun gbọ́dọ̀ pe ọkùnrin náà ní Dádì. Mo ní kò pọn dandan. Tọ́pẹ́ ní kí Gbóyèga máa wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Àìkú ná, kí a má tíì kó ẹrù kankan títí sáà ilé ìwé yìí yóò fi parí. Mo ní mo gbà. Mo mọ̀ pé Gbóyèga yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ débi pé ìrẹsì tutù níwájú wa. Nígbà tí mo gbé e lọ síná, mo gbọ́ Tọ́pẹ́ tó ń bi àbúrò rẹ̀ pé aṣọ wo ni yóò wọ̀ lọ sí Ìfọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.